Ọmọ mi ń bá ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń díje ṣọ̀rẹ́, ṣé kò ní kóbá a?

Ìyá kan tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kọ̀wé báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 19, wọ ẹgbẹ́ drum corps lọ́dún yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Fèrè mellophone ló ń fun. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ló ti kúrò nílé, ojú títì ni wọ́n wà láti ìlú dé ìlú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa: òun àti ọmọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n fọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó tún ní bí àwọn bá ti ṣe tàwọn tán lálẹ́, òun máa ń sáré lọ wo ẹgbẹ́ tó fi máàkì díẹ̀ ju àwọn lọ. Inú bí bàbá rẹ̀. Ó ní òun kò san gbogbo owó yẹn kí ọmọ òun lè máa pàtẹ́wọ́ fún alátakò. Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù ni kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ má lọ rí i kí wọ́n lé e, tàbí kó máa tú àṣírí ẹgbẹ́ rẹ̀ láìmọ̀. Ṣé ká kìlọ̀ fún un ni?”

Màmá, ẹ kú àbójútó ọmọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà yín, ẹ sì dì wọ́n pọ̀: bóyá ọmọ yín jẹ́ olóòótọ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀, bóyá ẹnu rẹ̀ lè ṣe ẹgbẹ́ náà ní jàǹbá, àti bóyá wọ́n lè fìyà jẹ ẹ́. Ti àkọ́kọ́ kò tó nǹkan. Ti kejì kéré sí bí ẹ ṣe rò. Ti kẹta ni mo fẹ́ ká jọ wò dáadáa, torí gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì kan fọ́tò yẹn rárá.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tó ń kà wá láti ilé, tí wọn kò rí nǹkan yìí rí. Drum corps ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń fun fèrè idẹ, tó ń lùlù, tó ń ju àsíá, tó sì ń yan lórí pápá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 sí 12, láìwo ìwé orin kankan. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé bándì Boys' Brigade yíká àdúgbò rí mọ ibi tí irú rẹ̀ ti ṣẹ̀, àmọ́ èyí ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ẹgbẹ́ ńlá kan máa ń ní ọmọ tó lé ní 150, ẹni tó bá sì ti pé ọdún 22 kí oṣù Kẹfà tó wọlé, ìgbà tirẹ̀ ti tán nìyẹn. Drum Corps International, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní DCI, ló ń darí ìdíje wọn. Láti ìparí oṣù Kẹfà títí di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹjọ, orí ilẹ̀ gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń sùn. Wọ́n á dánrawò nínú oòrùn láti àárọ̀, wọ́n á díje lálẹ́, wọ́n á tún wọ bọ́ọ̀sì sùn lọ sí ìlú mìíràn. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn o. Àwọn òbí àti àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kí wọ́n lè jẹ ìyà yìí. Mo yan pẹ̀lú wọn nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwọn onífèrè ni mo sì ń kọ́ láti ìgbà náà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ owó tí bàbá ọmọ ń sọ yé mi.

Ojú bọ́ọ̀lù ni bàbá fi ń wò ó, wọn kò sì jẹ̀bi. Tí Shooting Stars bá pàdé Enyimba, iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan ni láti má jẹ́ kí ìkejì ráyè gbá bọ́ọ̀lù sílé. Níbí, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí pápá, kò sì sí alátakò tó lè dí i lọ́nà. Àwọn adájọ́ á fún un ní máàkì lórí 100: 40 fún bí gbogbo eré náà ṣe wọni lára, 30 fún ohun tí ojú rí, 30 fún orin. Àtẹ́wọ́ ọmọ yín kò lè fi ohunkóhun kún ti ẹlòmíràn, kò sì lè yọ nínú tiwọn. Mi ò sọ pé ìdíje náà kò gbóná. Ó gbóná débi pé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń ka máàkì dé: lọ́dún 2008, 0.025 péré ni Phantom Regiment fi gba ipò kìíní mọ́ Blue Devils lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1996, 1999 àti 2000, ẹgbẹ́ méjì-méjì ló jọ gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn kò lè fọwọ́ kan ẹni tó ń bá a díje, tó jẹ́ pé àtiṣe tirẹ̀ dáadáa nìkan ló kù fún un, ìkórìíra kì í rí ibi rọ̀ mọ́.

Àwọn tó dá DCI sílẹ̀ gan-an, alátakò ara wọn ni wọ́n. Kó tó di ìgbà náà, abẹ́ VFW àti American Legion, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti jagun rí, ni ìdíje ńlá wà; àwọn yẹn ló ń ṣòfin, owó tó sì ń dé ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣeré kò tó nǹkan. Lọ́dún 1971 ni Blue Stars, Cavaliers, Madison Scouts, Santa Clara Vanguard àti Troopers, tí wọ́n ti ń wọ̀yá ìjà láti ọdún mélòó kan, fìmọ̀ ṣọ̀kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n ṣe ìdíje àṣekágbá àkọ́kọ́ ní Whitewater, ní Wisconsin. Anaheim Kingsmen láti California ló gbé e lọ, kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín ẹni tí ọ̀rẹ́ inú fọ́tò yẹn í ṣe. Kò ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà ni wọ́n ti jọ jáde. Bándì ilé ẹ̀kọ́ ti múlẹ̀ gan-an ní Texas, ọmọ Texas sì kún inú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí láti California dé Massachusetts. Ìparí ọdún títí wọ ọdún tuntun ni wọ́n ń ṣe ìdánwò ìgbàwọlé. Ọmọ kan lè lọ ṣe é ní ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ó lè jókòó ti ọmọ mìíràn fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n má gba ìkejì, kí èyí tí wọn kò gbà sì lọ rí àyè níbòmíràn. Nígbà òtútù, àwọn onílù àti àwọn alásìá tún máa ń pàdé nínú ìdíje abẹ́ òrùlé tí àjọ kan tó ń jẹ́ WGI ń ṣe. Kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì nígbà ooru, wọ́n ti mọra.

Ẹgbẹ́ pàápàá kì í dúró sójú kan. Lọ́dún 2023 Santa Clara Vanguard kò jáde rárá nígbà ooru. Ọmọ wọn tó bá ṣì fẹ́ yan lọ́dún náà ní láti wọ aṣọ ẹlòmíràn. Lọ́dún 2024 wọ́n padà, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà ni The Cadets, tó ti wà láti 1934, kéde pé àwọn dáwọ́ dúró. Ẹ wo ọmọ tó ti fi ọdún méjì bú ẹgbẹ́ kan, tó wá bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú fèrè lọ́wọ́, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ààyè. Àwọn olùkọ́ ńkọ́? Àwa ń ṣí kiri ju àwọn ọmọ lọ. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ yín ní mellophone lónìí lè wà ní ibùdó ẹgbẹ́ kejì lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àṣírí. Àṣírí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀. Láti ìgbà òtútù títí di ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ bí eré ọdún náà ṣe rí, irú aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, àti ohun tí wọ́n máa gbé sórí pápá; ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò síta. Lẹ́yìn ìdíje àkọ́kọ́, ó tán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti wò ó, ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn onílù tilẹ̀ máa ń lùlù ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kí wọ́n tó wọlé, àwọn èrò á yí wọn ká pẹ̀lú fóònù lókè, tó bá sì fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ kan ní yàrá rẹ̀ lókè odò níbì kan ti há gbogbo ìlù náà sórí. Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan fẹ́ jí i, kí ló máa fi ṣe? Orin tí wọ́n ṣètò fún ẹgbẹ́ kan láti oṣù mélòó sẹ́yìn, ìgbésẹ̀ tí wọ́n fi oṣù kan gbáko kọ́, kò sí bí ẹgbẹ́ mìíràn ṣe lè gbé e wọ̀ nínú oṣù Keje.

Ohun méjì péré ló yẹ kó pa mọ́. Ọ̀kan ni àtúnṣe tó ń bọ̀, torí àwọn ẹgbẹ́ máa ń pààrọ̀ ìparí eré tàbí kí wọ́n fi nǹkan kún un kí ìdíje ńlá tó dé, wọ́n sì ń fẹ́ kí ó bá èrò lójijì. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ inú ilé: ta ló fara pa, ta ló ń sunkún lálẹ́, olùkọ́ wo ló ń bá olùkọ́ wo jà. Ìkejì yìí ló máa ń jáde lẹ́nu ọmọdé láàárín ọ̀rẹ́, òun ni mo máa ń kìlọ̀ lé lórí fún àwọn tèmi.

Gbólóhùn tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì ni pé ó máa ń sáré lọ wo ẹgbẹ́ tó ju àwọn lọ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí alẹ́ ìdíje ṣe ń lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹgbẹ́ tí máàkì rẹ̀ kéré ló ń ṣáájú, èyí tó ga jù ló ń kẹ́yìn. Nítorí náà àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń ráyè wo àwọn tó wà lókè. Ní ti àwọn tó wà lókè, nígbà tí àwọn ìyókù bá ń ṣeré, ìta ni wọ́n wà tí wọ́n ń mú ètè àti ọwọ́ gbóná, igbe èrò nìkan ni wọ́n ń gbọ́ láti òkèèrè. Ọmọ kan lè yan fún ọdún mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ tó máa ń ṣe ìkẹyìn kó má rí ìdajì àwọn tó ń bá díje àfi lórí fóònù.

Bí ètò bá wá tẹ̀ lé máàkì, ẹgbẹ́ tó fi díẹ̀ ju ti ọmọ yín lọ ló máa tẹ̀ lé wọn gẹ́ẹ́. Kì í pẹ́ láàárín ẹgbẹ́ kan sí ìkejì. Láàárín àkókò kékeré yẹn, ọmọ yín gbọ́dọ̀ jáde lórí pápá, kó rìn dé ibi ọkọ̀ ẹrù tó lè jìnnà díẹ̀, kó pa fèrè mọ́ sínú àpótí, kó bọ́ aṣọ, kó fi í kọ́ bí wọ́n ṣe ní kó fi í kọ́, kó tún bá wọn ti marimba àti àwọn ohun ńláńlá tí wọ́n fi ṣeré wọ ọkọ̀. Àwọn ohun èlò yẹn ti di ẹrù rẹpẹtẹ láyé ìsinsìnyí, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, pèpéle wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹrù ènìyàn mẹ́wàá. Báwo ló ṣe wá ń débi ìjókòó kí ẹgbẹ́ kejì tó parí? Ó lè jẹ́ pé alẹ́ tí ètò kò tẹ̀ lé máàkì ló ń sọ. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọ̀gá wọn fún wọn láyè. Ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bá a gbé ẹrù tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìkẹta yìí ni, ibẹ̀ ni wàhálà wà, kò sì ní ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń sùn sílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Mo ti rí ọmọ tó mọ fèrè fun gan-an tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì, kò sì ṣe méjì ju pé wọn kì í rí i nígbà tí ẹrù bá wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ náà wà ńbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan kì í fẹ́ kí ọmọ wọn wọ aṣọ eré lọ sáàárín èrò. Bó bá tilẹ̀ máa wọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ pé, kì í ṣe kó tú bọ́tìnnì sílẹ̀ kó máa jẹ gúgúrú. Bó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà ló ṣì ń ṣojú fún. Kì í dìde rìn kiri nígbà tí àwọn kan ń ṣeré lọ́wọ́. Kì í pòṣé. Kì í sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ní búburú, torí obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ lè jẹ́ ìyá ọmọ tó ń bú.

Ní tòótọ́, mo fẹ́ràn kí àwọn ọmọ mi máa wo ẹlòmíràn. Ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Mo lè fi ọjọ́ mẹ́ta sọ fún ọmọ kan pé èémí rẹ̀ kúrú, kó má gbọ́. Á wá lọ jókòó sókè lálẹ́ ọjọ́ kan, á gbọ́ bí àwọn onífèrè ẹgbẹ́ Carolina Crown ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ohùn kan láìsí pé ẹnikẹ́ni yọ síta, á sì padà wá bá mi pẹ̀lú ìbéèrè tó dáa ju ìwàásù mi lọ. Ó máa ń rí àwọn tó kéré sí wọn náà, á rí ibi tí àwọn fúnra wọn wà lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Àmọ́ oògùn yìí lè pọ̀ jù. Bí oṣù Keje bá ti ń lọ sí ìparí, tí ara ti rẹ gbogbo wọn, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàkì bí ẹni ń ka owó ọjà: wọ́n fi 0.4 jù wá lọ lánàá, ó ti di 0.6. Ẹni tó wà nírú ipò yẹn tó bá lọ wo alátakò, àṣìṣe tiwọn ló máa wá kiri. Bí kò bá rí i, inú rẹ̀ á bàjẹ́, bó bá rí i, á gbéra ga. Kò sí èyí tó wúlò fún ìdánrawò ọjọ́ kejì nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ kan kì í fẹ́ kí àwọn ọmọ máa sọ̀rọ̀ máàkì láàárín ara wọn rárá. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé ó sàn kí ọmọ má wo ẹni tó sún mọ́ ọn jù títí ìdíje á fi parí. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn pátápátá, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ tó yẹ kí èèyàn ní kó lọ sùn.

Oorun gan-an ló yẹ kó máa jẹ yín lọ́kàn ju fọ́tò lọ. Bọ́ọ̀sì lè gbéra ní ọ̀gànjọ́, kó dé ní ìdájí, wọ́n á tún sùn díẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n á sì bọ́ sórí pápá. Tí òun bá ń fi wákàtí tó yẹ kó fi jẹun kó sì wẹ̀ wo ẹlòmíràn lálẹ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sọ fún un.

Ní báyìí, ẹ lè kàn án léèwọ̀ fún un. Kò ní ṣiṣẹ́, á kàn dẹ́kun fífi fọ́tò ránṣẹ́ ni. Ẹ tún lè panu mọ́, èyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn á kọjá láìsí ẹni tó bi í. Èyí tí mo máa ṣe bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni pé màá pè é ní ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n fi ń fọṣọ, nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, màá kọ́kọ́ ní kó sọ ohun tó rí lọ́dọ̀ àwọn tó lọ wò fún mi. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi í pé ta ló ń bá a tọ́jú ẹrù, ṣé olórí àwọn onífèrè wọn sì mọ ibi tó máa ń wà. Ohun tó bá wà nínú ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí ló borí gbogbo àlàyé mi yìí, torí òfin ẹgbẹ́ kan kì í ṣe ti ìkejì. Ẹ ní kó fi ojú ìwé yẹn ránṣẹ́. Ẹ sì sọ fún un pé ọ̀rẹ́ dáa, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni kúrò níbi ìdíje láìjẹ́ pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Wọ́n máa ń ka orí kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, ẹni tó bá sọnù lẹ́ẹ̀kan kì í rọrùn fún ní ìgbà kejì.

Ní ti bàbá, ẹ má bá wọn jiyàn. Ìdíje ńlá ti San Antonio ní Alamodome máa ń wáyé nínú oṣù Keje, kò jìnnà sí yín, ẹ mú wọn dání. Kí wọ́n jókòó láti ọ̀sán títí di alẹ́, kí wọ́n wo gbogbo ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ọmọ wọn nìkan. Bí àyè bá sì gbà yín ní oṣù Kẹjọ, ẹ lọ sí Lucas Oil Stadium ní Indianapolis. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹgbẹ́ 25 ló máa ṣeré, àwọn 12 péré ló máa kù fún ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ wá wo ibi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ṣe ipò 13 máa jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti bí wọ́n ṣe máa dìde dúró fún ẹni tó lé wọn jáde. Bàbá á rí i fúnra wọn.

Bí ẹ bá ń lọ sí San Antonio, ẹ má gbé ìrẹsì sè fún ọmọ yín nìkan. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣàkóso ọkọ̀ oúnjẹ ẹgbẹ́ wọn. Ẹ ní ẹ fẹ́ wá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan. Àwọn òbí ló pọ̀ nínú àwọn tó ń bá wọn dáná, ọwọ́ kì í sì í pé. Níbi tí ẹ bá ti ń gé àlùbọ́sà lẹ ti máa mọ̀ bóyá ọmọ yín ń gbé ẹrù tàbí kò gbé e.